Ìdánwò àwọn tó fẹ́ máa kọ́ tíṣà, àti bébà símẹ́ńtì Màámi

Inú spam ni ìméèlì náà lọ jókòó sí. Bí kì í bá ṣe pé mò ń wá risíìtì owó ilé ìwé ọmọ mi tí wọ́n ní àwọn ti fi ránṣẹ́, ibẹ̀ ni ì bá wà títí ọjọ́ á fi kọjá lórí ẹ̀. Wọ́n ní orúkọ mi wà lára àwọn tó máa ṣe ìdánwò CBT, ìyẹn èyí tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, fún iṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ìjọba kan (ẹ má bi mí pé èwo ni, mi ò ní sọ), ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù, kí n lọ tẹ slip jáde, kí n sì mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti lé ní oṣù mẹ́sàn-án tí mo ti kó fọ́ọ̀mù lọ, ẹ̀dà 15, pẹ̀lú sáàtífíkéètì tí mo ṣe fọ́tókọ́pì ẹ̀ títí tí ẹni tó ni ẹ̀rọ fi bi mí pé ṣé mo fẹ́ gbé ìjọba lọ sí kóòtù ni. Mo ti gbàgbé. Mo ti sọ fún Dádì Tòní pé wọ́n ti fún àwọn èèyàn wọn. Kí n tó ka ìméèlì yẹn dé ìsàlẹ̀, àyà mi ti ń já.

Ẹni tí kò bá mọ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń gba NCE, ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí ìlànà ìjọba fọwọ́ sí kéèyàn tó pe ara ẹ̀ ní tíṣà ní Nàìjíríà. Èmi náà ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kí n tó wá máa fi gbogbo ìsinmi gígùn lọ ṣe dígírì, ọmọ lẹ́yìn, ìwé lọ́wọ́, lẹ́yìn ẹ̀ mo tún lọ gba másítà. Ọdún 12 rèé tí mo ti ń dúró níwájú pátákó ní ilé ìwé gírámà n'Ìbàdàn. Nígbà tí mo wá ń ṣàlàyé fún Màámi lórí fóònù, wọ́n bi mí pé tí mo bá wọlé síbẹ̀ ṣé wọ́n á máa pè mí ní púrọ̀fẹ́sọ̀, mo ní rárá o, kọ́lẹ́ẹ̀jì ò ní púrọ̀fẹ́sọ̀, àtẹ̀gùn tiwọn yàtọ̀ sí ti yunifásítì, Chief Lecturer lẹni tó ga jù níbẹ̀. Màámi ní, "Chief? Olóyè nìyẹn. Ó tó bẹ́ẹ̀ náà."

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe, mo lọ ra past question. Wọ́n ti dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀ kí n tó dé, gbogbo àárọ̀ ni wọ́n ń gbàdúrà níbẹ̀, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń bèèrè pé "ẹ jọ̀ọ́ ṣé wọ́n ti sún un síwájú?" Ẹnì kan tó pe ara ẹ̀ ní kóòdínétọ̀ ló ta PDF náà fún wa, ₦2,500. Ojú ewé àkọ́kọ́ gbé orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà gàdàgbà, àmọ́ nígbà tí mo ṣí i dé àárín, mo bá ìbéèrè pàdé lórí ẹrù tó ń gba ibodè wọlé. Ti kọ́sítọ́ọ̀mù ni! Wọ́n kàn wọ ẹ̀wù míì fún un ni. Owó mi ti lọ, mi ò lè bú ẹnikẹ́ni, mo jókòó kà á bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìdáhùn ibẹ̀ ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ìbéèrè kan ní ìpele wo ló ga jù nínú àtẹ̀gùn ìrònú tí Bloom tò. PDF ní "evaluation", ìyẹn kéèyàn ṣèdájọ́ nǹkan. Ara mi ò gbà á, mo lọ yẹ ìwé wò, òótọ́ ni tó bá jẹ́ ti 1956 tí Bloom àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kọ́kọ́ gbé jáde, ṣùgbọ́n ní 2001 Anderson àti Krathwohl tún un tò, wọ́n gbé "create" lé orí gbogbo ẹ̀, ìyẹn ni kéèyàn fi ọwọ́ ara ẹ̀ dá nǹkan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èwo wá ni kọ̀ǹpútà máa gbà? Ó kù sọ́wọ́ ọdún tí ẹni tó ṣe ìbéèrè náà jáde ilé ìwé. Wọ́n tún bèèrè pé ta ló mú ọ̀rọ̀ "scaffolding" wá, ìyẹn ìrànlọ́wọ́ tí tíṣà ń dín kù díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ bá ṣe ń mọ nǹkan ṣe, PDF ní Vygotsky, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn kọ́ o. Vygotsky ti kú láti 1934, ẹni ọdún 37 péré, Wood, Bruner àti Ross ló mú ọ̀rọ̀ yẹn wá ní 1976. Mo kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé ìdáhùn yìí ò tọ̀nà, ẹnì kan dá mi lóhùn pé, "Àǹtí, ohun tí wọ́n bá fi sí i ni kí ẹ mú, ṣé ẹ fẹ́ṣẹ́ ni àbí ẹ ò fẹ́ṣẹ́?" Mo dákẹ́. Mo fẹ́ṣẹ́.

Aago mẹ́rin ìdájí ni mò ń jí. Bí NEPA bá mú iná lọ, màá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, màá gbé e lé orí agolo mílíìkì. Mo gé páálí indomie, mo kọ gbogbo ọdún tó ṣe pàtàkì sẹ́yìn ẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíṣìnì níbi tí mo ti ń ro àmàlà: 1843, ilé ìwé tọkọtaya De Graft ní Badagry, 1859, àwọn míṣọ́nnárì CMS dá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa di tíṣà sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta, 1867 wọ́n gbé e lọ Èkó, 1896 ó dé Ọ̀yọ́ ó sì di St. Andrew's, 1955 ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀, 1960 ìwé ìgbìmọ̀ Ashby lórí ẹ̀kọ́ gíga, 1970 Ife Six-Year Primary Project, 1976 UPE, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo Nàìjíríà, 1977 ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, 1989 NCCE, àjọ tó ń bójú tó àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, 1993 TRCN, àjọ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀, 1999 UBE, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó dé JSS 3, 2004 òfin UBE. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí o, ìgbà tí mo ti gbọ́ orúkọ St. Andrew's láti kékeré ò níye, lójú tèmi ilé ìwé àwọn àgbà ni, ó di ara ògiri kíṣìnì kí n tó mọ̀ pé látinú ọgbà Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń gbé e kiri bọ̀. Ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Tòní, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti mọ páálí yẹn sórí kí n tó mọ̀ ọ́n. Ó máa ń fi jó nígbà tó bá ń dúró de oúnjẹ: "NCCE 1989! TRCN 1993!" Dádì ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní tí wọ́n bá mú Tòní lọ síbi ìdánwò náà dípò mi á yege. Mo bi Tòní pé kí ni TRCN. Ó ní ọkọ̀ ni.

Ẹ̀rín yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu mi tí mo fi wọ kíláàsì JSS 2 lọ́jọ́ kejì. Social Studies la ní. Mo ní ta ló lè sọ ohun tí ẹbí jẹ́ fún mi, ọmọkùnrin kan dìde, ó ka á bó ṣe wà nínú nóòtì, ibi tí kọ́mà wà gan-an ó dúró níbẹ̀ kó mí. Mo ní ó dáa, sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ara ẹ. Ó tún un kà. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ ara tìẹ. Ó wò mí, ojú ẹ̀ ti ń rẹ̀, ó ní, "Ma, ọ̀rọ̀ ara mi nìyẹn, mo ti kà á títí." Lọ́jọ́ míì ǹ bá bá a wí. Lọ́jọ́ yẹn mi ò lè sọ nǹkankan, torí láti ìdájí lèmi náà ti ń ka ìtumọ̀ "ẹ̀kọ́ tó fi ọmọ ṣe àárín" láìfi kọ́mà kankan sílẹ̀, mò ń há bí ẹ̀kọ́ tó lòdì sí híhá ṣe rí.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Màámi. Télọ̀ ni wọ́n, ìtòsí Akẹ̀sán l'Ọ̀yọ́ ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, àwọn ọmọ tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, mi ò lè ka iye wọn tán. Alaalẹ́ ni wọ́n ń pè mí, "Àṣàkẹ́, o ti jẹun?" Lálẹ́ ọjọ́ kan mo sọ fún wọn pé Sátidé tí wọ́n fi ìdánwò mi sí ni Sátidé tí ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn fẹ́ gba fríìdọ̀mù. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Ọmọ yẹn fẹ́ràn mi, èmi ni mo bá a ra síṣọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó ní. Wọ́n wá ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ bi ọ́ lọ́hùn-ún ná?"

Mo ní Màámi, ọ̀pọ̀ ni. Mo ní ọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan wà tó sọ pé ohun tí ọmọ lè dá ṣe wà lọ́tọ̀, ohun tí apá ẹ̀ ò ká rárá wà lọ́tọ̀, àmọ́ láàárín àwọn méjèèjì, ohun kan wà tó lè ṣe bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n bá dúró tì í, ibẹ̀ ni kí tíṣà máa bá a ṣiṣẹ́.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ló tún wá sọ?"

"Màámi, ohun tó sọ gan-an nìyẹn."

"Wọ́n wá ń torí ìyẹn ṣèdánwò?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo pa fóònù, mi ò sì lè sùn, torí mo ti rántí bébà símẹ́ńtì. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Màámi ò ní fọwọ́ kan aṣọ. Á gbálẹ̀, á ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀, á dáná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, á máa gán bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà wọ́n á fà á lọ sídìí ẹ̀rọ tí kò sí òwú nínú ẹ̀, wọ́n á fi rúlà fa ìlà sórí bébà, á máa fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ á máa lu bébà ní ihò ihò, bí ihò bá ti yà kúrò lórí ìlà, òun náà ti rí i, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá pariwo. Tí ìyẹn bá ti mọ́ra ló tó kan gígé. Bébà àpò símẹ́ńtì ni wọ́n fi ń gé búbá, wọ́n á gé e, wọ́n á bà á jẹ́, wọ́n á tún òmíràn gé. Màámi á ní kò sówó tó lọ síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó bà á jẹ́ dáadáa. Ìgbà tó bá wá kan aṣọ gidi, apá ló máa ń dà wọ́n láàmú jù, Màámi ò ní gbà á lọ́wọ́ wọn gé e o, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n á mú, wọ́n á fàmì sí ojú méjì péré, wọ́n á padà lọ jókòó. Ìyókù tìẹ nìyẹn. Tó bá tún di aṣọ míì, ojú kan ni wọ́n á fàmì sí. Lọ́jọ́ kan wọn ò ní fàmì kankan sí i mọ́, ọmọ náà ò tiẹ̀ ní fura.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn mo yí bí mo ṣe ń kàwé padà. Ohun tí mo bá kà ní ìdájí, màá sọ ọ́ fún Màámi lálẹ́ ní Yorùbá, èyí tí mi ò bá rí Yorùbá sọ, màá fàlà sí i, mi ò tíì mọ̀ ọ́n nìyẹn, kò sí bí mo ṣe lè ka Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ tó. Ẹ ò mọ iye àlà tí mo fà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọn kì í sì í gba gbogbo nǹkan tí mo bá gbé wá. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Piaget, onímọ̀ nípa bí ọmọ ṣe ń ronú, mo ní ó sọ pé bí wọ́n bá da omi láti inú kọ́ọ̀bù pẹlẹbẹ sínú kọ́ọ̀bù gíga, ọmọ tí kò tíì tó bí ọdún méje á rò pé omi ti pọ̀ sí i. Màámi ní, "Ọmọ tó ń bá ìyá ẹ̀ wọn gààrì l'Akẹ̀sán? Kóńgò wo lo fẹ́ fi tan ìyẹn jẹ?" Mo ní Màámi, ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ìwé náà wá ra gààrì.

Ìgbà yẹn ni mo wá fi ojú míì ka iṣẹ́ Babátúndé Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́. Tẹ́lẹ̀, "Ife Six-Year Primary Project, 1970" ni mo mọ̀ ọ́n sí, ìlà kan lórí páálí. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n mú àwọn ọmọ kan nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ifẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń wá kọ́ wọn lọ́tọ̀. Wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn tó fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n yà sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin. Àwọn tó fi Yorùbá dé ìparí ò kẹ́yìn nínú iṣẹ́ kankan, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀. Mo jókòó ní kíṣìnì, mo ń wo ara mi: obìnrin tó ní másítà, tí kò gbọ́ Vygotsky yé àfìgbà tó rò ó fún télọ̀.

Ṣùgbọ́n tó bá dọ̀rọ̀ ìdánwò, ibẹ̀ gan-an lẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Ìbéèrè náà ò ju báyìí lọ: èdè wo ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? PDF ní èdè àdúgbò láti kíláàsì kìíní dé ìkẹta, ìyẹn ló wà nínú ìwé ìlànà ẹ̀kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè tuntun, wọ́n ní kó jẹ́ èdè abínibí fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Oṣù kọkànlá 2025 ni mínísítà wá kéde pé àwọn ti wọ́gi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ìdáhùn mẹ́ta, kálukú ló ní ọdún tó fi tọ̀nà. Nínú gúrúùpù, wọ́n jà lórí ẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ẹnì kan ní kí àwa tí a wá láti Ìwọ̀ Oòrùn má mú èdè abínibí o kí wọ́n má baà rò pé à ń ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà, bí ẹni pé kọ̀ǹpútà mọ ilé bàbá èèyàn.

Sátidé náà dé. Aago méje ni wọ́n kọ sórí slip mi, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo ti dé ẹnu géètì, mo bá èrò tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí irun orí wọn ti funfun, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kẹrin àwọn rèé. Ẹ̀rọ tó ń ya àtàǹpàkò ò gba tèmi, ọmọdébìnrin tó jókòó sídìí ẹ̀ ní kí n nù ún mọ́ ara aṣọ, mo nù ún, kò gbà, ó ní kí n fi òróró díẹ̀ pa á. Ọdún 12 tí ìka ti ń fa ṣọ́ọ̀kì, kí ló fẹ́ kó kù lára ẹ̀? Ìka kẹta ló gbà.

Ìbéèrè 60, ìṣẹ́jú 45. Bloom wà níbẹ̀, wọ́n fi "evaluation" àti "create" síbẹ̀ méjèèjì, wọn ò kọ ọdún sí i. Wọ́n bèèrè ọdún TRCN, mo gbọ́ ohùn Tòní ketekete, díẹ̀ ló kù kí n jó. Wọ́n bèèrè ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ micro-teaching, ìyẹn kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà fi kíláàsì kékeré dánra wò, Stanford, 1963, mo mọ ìyẹn. Èdè wo ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ? Ó wà níbẹ̀, ìbéèrè 17. Mo wo aago, mo wo ojú kọ̀ǹpútà, mo mú èdè àdúgbò, mo tẹ̀ síwájú kí n má baà yí i padà. Ní ìbéèrè 41 kọ̀ǹpútà mi dì gbagidi. Mo na ọwọ́ sókè, wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn, ìdáhùn mi ṣì wà níbẹ̀ àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin ti wọmi. Mi ò rí ìbéèrè kan tó ní báwo lo ṣe ń mọ̀ pé ọmọ kan ti sọnù mọ́ ẹ lọ́wọ́ nínú kíláàsì. Wọ́n ní ẹni tó bá yege ló máa wá kọ́ni lójú wọn, bóyá ibẹ̀ ni wọ́n á ti bèèrè. Mo tẹ "submit", kò fi máàkì hàn mí.

Ojóò ni mo ti wọ ọkọ̀ Ọ̀yọ́. Kí n tó dé, wọ́n ti ta kánópì, wọ́n ti pín jọ̀lọ́ọ̀fù, mo rò pé gbogbo ẹ̀ ti parí. Kò tíì parí. Nínú ẹgbẹ́ télọ̀ tí Màámi wà, wọn kì í gbàdúrà fún ọmọ iṣẹ́ títí tó fi máa jókòó rán búbá kan lójú àwọn àgbà mẹ́ta, aṣọ tí kò rí rí ni wọ́n máa gbé fún un. Ọmọ Ìsẹ́yìn wà nídìí ẹ̀rọ nínú léèsì funfun tí òógùn ti mú ẹ̀yìn ẹ̀. Màámi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ méjèèjì há láàárín orúnkún, mo lọ jókòó tì wọ́n, wọn ò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ọmọ náà já òwú, ó kúnlẹ̀, ó gbé aṣọ fún wọn. Ìyá tó dàgbà jù nínú wọn ò tiẹ̀ wo iwájú ẹ̀, wọ́n yí i padà síta, inú ni wọ́n ń wò, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán láti abíyá dé ìsàlẹ̀, wọ́n fa apá ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló gé e?"

"Èmi ni, ma."

"Ta ló fàmì sí i fún ọ?"

Ọmọ náà wo Màámi. "Kò sẹ́ni tó fàmì sí i, ma."

Wọ́n ju búbá náà sí ìyá kejì lórí ẹsẹ̀. Màámi yọ ọwọ́ wọn láàárín orúnkún, wọ́n mí kanlẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n tó yíjú sí mi.

"Ìwọ ńkọ́? Wọ́n ti sọ tìẹ fún ọ?"

"Wọ́n ní ká máa retí ìméèlì, Màámi."

"Ṣá máa wo ibi tó sá pamọ́ sí níjọ́sí yẹn o."